Ìrìn Ọ̀sẹ̀ 12 fún Obìnrin Tó Ń Gba Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Ọmú: Bí Ẹ Ṣe Máa Bẹ̀rẹ̀ Tí Kò Fi Ní Já Sí Asán

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Dókítà ní kí ẹ máa ṣe eré ìdárayá. Ẹ ra bàtà. Àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ gbéra láti Alágbàká ní Akúrẹ́, ẹ rìn dé Ọjà Ọba, ẹ tún fẹsẹ̀ rìn padà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ kẹta ò tíì pé tí bàtà ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń rìn lójoojúmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrìn gbẹ̀fẹ́ ni, irú èyí tí a fi ń yà kí aládùúgbò. Oṣù mẹ́ta kọjá, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ò yí padà, ikùn ò sì dín. Wọ́n á ní eré ìdárayá ò ṣiṣẹ́ fún àwọn.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn méjèèjì. Ó wà fún obìnrin tó ń gba kímò (oògùn líle tó ń pa jẹjẹrẹ) lọ́wọ́, èyí tó ti parí rẹ̀, àti èyí tó ń lo oògùn tó ń dènà hòmóònù bíi tamoxifen tàbí letrozole. Ohun tí a ń lé ni ṣúgà, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, BP àti ikùn, torí ìtọ́jú jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ máa ń da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rú. Oògùn dexamethasone tí wọ́n ń fún yín kí èébì má baà pọ̀ ń gbé ṣúgà sókè, kímò lè mú nǹkan oṣù lọ kó tó yẹ kó lọ, ìjókòó ọlọ́jọ́ pípẹ́ sì ń kó ọ̀rá jọ sí ikùn. Ìrìn kò rọ́pò kímò, kò rọ́pò iṣẹ́ abẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn tàn yín.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ

Bàtà kánfáàsì tó ṣe déédéé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Òkìríkà dára tó, ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó: iwájú, níbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́, ló yẹ kó ti tẹ̀. Bó bá ká láàárín bí àkàrà, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ rí i pé àyè ìka kan wà níwájú ọmọ ìka tó gùn jù.

Kọ́ńmú tí kò ní wáyà, tí okùn rẹ̀ fẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti gé ọmú kan fún lè ní kí tẹlọ́ rán àpò sí inú rẹ̀, kí ó fi aṣọ rírọ̀ tí a ká dáadáa sí i, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè bára dọ́gba. Bí okùn bá ti wọ èjìká lára ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí, ó ti fún jù.

Téèpù tẹlọ́, fóònù tó lè ka ìṣẹ́jú, ìwé kékeré àti bírò, píọ́ wọ́tà kan. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ bíi insulin tàbí glibenclamide gbọ́dọ̀ fi ṣúgà oníhóró mẹ́rin sínú ọ̀rá, kí ó sì fi sápò. Ẹ tún nílò ẹnìkan tí ẹ jọ máa rìn: ọmọ, àbúrò, ìyàwó ilé, ẹnikẹ́ni tó bá máa dúró tí ẹ bá ní ó ti rẹ̀ yín.

1. GBÍGBA ÀṢẸ

Ẹ má kàn béèrè pé "Ṣé mo lè ṣe eré ìdárayá?" Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa sọ, ọ̀rọ̀ sì parí. Ẹ béèrè mẹ́rin yìí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀:

Mélòó ni PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀) àti platelet (èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá) mi? Bí PCV bá wà lábẹ́ 24 tàbí platelet lábẹ́ 50,000, ẹ kò tíì lè bẹ̀rẹ̀.

Ṣé jẹjẹrẹ náà ti dé egungun? Bó bá ti dé ibẹ̀, ìrìn ṣì lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n físíò (physiotherapist, oníṣẹ́ ìlera tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara) ló gbọ́dọ̀ yan irú èyí tí ẹ máa ṣe. Ẹ ò gbọdọ̀ fò, ẹ ò sì gbọdọ̀ lọ́ ara.

Ṣé wọ́n fún mi ní oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ doxorubicin tàbí trastuzumab? Méjèèjì lè kan ọkàn. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo bí ọkàn yín ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìgbà wo ni mo lè máa ju apá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ẹsẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ kí apá tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀ka físíò wà ní àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ni tó wà ní Akúrẹ́ àti ní Oǹdó, àti ní Federal Medical Centre Ọ̀wọ̀. Ẹ ní kí dókítà kọ yín síbẹ̀.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń kùnà ni ilé. Ìyá ọkọ á ní, "Ìyàwó wa, ara yín ò yá, ẹ jókòó." Ìfẹ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, a ò bá a jà. Ẹ mú ẹni tó ń ṣèpinnu nílé lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti wà nínú ìwé, tí ẹni kan nílé sì ti gbọ́ ọ, ẹ tẹ̀síwájú.

2. WÍWỌN ARA KÍ Ẹ TÓ GBÉ ẸSẸ̀ KAN

Ọ̀pọ̀ ló máa ń fo èyí, òun ló sì ń jẹ́ kí wọ́n fi sílẹ̀ níkẹyìn, torí wọn ò mọ ibi tí wọ́n ti kúrò.

Ìyípo ikùn. Ẹ tú ìró, ẹ ká blouse sókè, kí téèpù kan ara. Ẹ fi ìka wá egungun ìhà tó kẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wá orí egungun ìbàdí, kí ẹ fi bírò sàmì sí agbedeméjì wọn. Ẹ yí téèpù ká ibẹ̀. Kó tẹ́jú níwájú àti lẹ́yìn, kó má fún ara pọ. Ẹ mí síta bí ẹ ṣe ń mí tẹ́lẹ̀, ẹ má fa ikùn wọlé, kí ẹ wá kà á. Bó bá ti ju 88 cm lọ, ìyẹn bí ìǹṣì 35, ó ti pọ̀ jù. Láti 80 cm, bí ìǹṣì 31 àtààbọ̀, ló ti yẹ kí obìnrin ti máa ṣọ́ra.

Ṣúgà ìdájí. Ẹ má jẹun fún wákàtí 8, omi lásán nìkan. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó gún ìka. Omi ọsàn tàbí máńgòrò tó bá ṣẹ́kù sí ìka lè mú kí mítà ṣúgà pe iye tó ga tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Bó bá wà lábẹ́ 100 mg/dL, ó dára. Láti 100 sí 125, ó ti ń gòkè. Láti 126 lọ ní ẹ̀ẹ̀mejì, àtọ̀gbẹ ni, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀.

BP. Apá tí wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ sí ni kí ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Láti 130/85 lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ilé ìwòsàn ló máa ṣe èyí. Nǹkan méjì ni kí ẹ wò lórí ìwé náà: triglyceride (ọ̀rá tí kò yẹ kó pọ̀), tí kò yẹ kó dé 150 mg/dL, àti HDL (ọ̀rá tó ń ṣe ara lóore), tí kò yẹ kó wà lábẹ́ 50 lára obìnrin.

Bí mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún yìí bá ti kọjá ààlà, ewu àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ti súnmọ́ tòsí, ìrìn yín ò sì gbọdọ̀ di ohun tí a ń ṣe nígbà tí àyè bá gbà.

Àṣìṣe ńlá wà níbí fún ẹni tó ń gba kímò. Bí ẹ bá wọn ṣúgà ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta lẹ́yìn kímò, dexamethasone ni ẹ wọ̀n, kì í ṣe ara yín. Ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú kímò tó kàn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ kan náà yìí nínú ìyípo oògùn ni ẹ tún máa lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ wọn ikùn lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìyàtọ̀ bá ju 1 cm lọ, téèpù ti yẹ̀. Ẹ tún un wọ̀n.

3. WÍWÁ ÌWỌ̀N ÌRÌN TÍ Ó Ń ṢIṢẸ́

Ibí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Iṣan ẹsẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ kíkan máa ń fa ṣúgà wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀ láìdúró de insulin, agbára yìí sì lè wà lára títí di ọjọ́ kejì. Ìrìn gbẹ̀fẹ́ kì í jí iṣan tó bẹ́ẹ̀. Àṣejù náà ń dá yín wó lé bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ mẹ́rin lè lọ láìrìn, ohun tí ẹ kó jọ á sì ti tán.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹ fi lè mọ̀ ọ́n. Àkọ́kọ́, ẹ lè bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn sọ gbólóhùn kan tán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kọrin, èémí á gé e sí méjì kí ẹ tó dé ègbè. Bí orin bá ń jáde geere, ẹ yára sí i. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́ta lásán bá ń gé, ẹ dẹ̀ ẹ́. Èkejì, ẹ ka ẹsẹ̀ yín fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Nǹkan bí 25 ló yẹ kó jẹ́, ìyẹn 100 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí kímò ṣì ń jẹ yín lára, ó lè má tó bẹ́ẹ̀, kò burú, orin ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ̀kẹta, láti òdo tí í ṣe ìjókòó sí 10 tí í ṣe pé ẹ ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó wà ní 5 tàbí 6.

Ẹ má gbára lé ìlù ọkàn nìkan. Ẹni tó ń lo oògùn BP bíi atenolol, ọkàn rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré bó ti wù kó rìn tó.

Iṣẹ́ ilé ńkọ́? Gbígbálẹ̀, dídúró lọ́jà, fífọ aṣọ ọmọ, gbogbo rẹ̀ ń rẹni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà gbé èémí sókè fún ìṣẹ́jú 10 gbáko. Ẹ má kà á mọ́ ọn. Ijó ìyìn nílé ńkọ́? Ẹ kà á, bí èémí bá ti yára, tí apá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí kò sì kọjá ibi tí físíò ní kó dé.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tí ẹ bá dúró, èémí ti gbọ́dọ̀ padà sípò. Lọ́jọ́ kejì, àárẹ̀ yín kò gbọdọ̀ ju ti àná lọ. Bó bá jù ú lọ, ẹ ti ṣe jù.

4. Ọ̀SẸ̀ 12 NÁÀ

Ìṣẹ́jú tí a kọ síbí, ti ìrìn kíkan nìkan ni. Ẹ fi ìṣẹ́jú 3 sí 5 ti ìrìn jẹ́jẹ́ ṣáájú kí ara gbóná, àti bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn kí ara balẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ 1 sí 2: ìṣẹ́jú 10, ọjọ́ 4.
Ọ̀sẹ̀ 3 sí 4: ìṣẹ́jú 15, ọjọ́ 4.
Ọ̀sẹ̀ 5 sí 6: ìṣẹ́jú 20, ọjọ́ 4.
Ọ̀sẹ̀ 7 sí 8: ìṣẹ́jú 25, ọjọ́ 4.
Ọ̀sẹ̀ 9 sí 10: ìṣẹ́jú 25, ọjọ́ 5.
Ọ̀sẹ̀ 11 sí 12: ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5. Ìyẹn 150 lọ́sẹ̀.

Ìṣẹ́jú 10 ọ̀sẹ̀ kìíní á dà bí eré ọmọdé lójú ẹni tó ti ń rin ìrìn oko láti kékeré. Ẹ má fi kún un. Agbára tí ẹ ní kí àìsàn tó dé kọ́ ni ẹ fi ń rìn báyìí.

Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ méjì tẹ̀ léra láìrìn, àfi bí ara bá kọ̀. Mọ́ńdè, Wẹ́sìdeè, Fráìdeè àti Sátidé ló rọrùn jù fún ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Sọ́ńdè á wá jẹ́ ti ìsinmi.

Ní Akúrẹ́, láti aago mẹ́fà àtààbọ̀ sí mẹ́jọ àárọ̀ ló dára jù, tàbí lẹ́yìn aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ má jáde nínú òkùnkùn. Àwọn títì inú Alágbàká kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ọkọ̀ láàárọ̀. Ẹ má yan ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ọba Adésídà, torí èéfín àti ọ̀kadà. Pápá ìṣeré tó ní ọ̀nà ìsáré dára gan-an: yípo kan jẹ́ mítà 400, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ẹ kì í sì í jìnnà sí ibi tí ẹ lè jókòó. Ní Oǹdó, pápá ilé ẹ̀kọ́ tó bá wà nítòsí tó. Òkè Ìdànrè dára fún ojú, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí eruku ọyẹ́ bá ń fa ikọ́, ẹ rìn lójú kan nínú yàrá: ẹ gbé orúnkún sókè, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu bí kò bá sí eruku.

Obìnrin tó ń lọ gba ìtọ́jú onítànṣán ní UCH Ìbàdàn, tó ní láti gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó mú bàtà àti ìwé rẹ̀ dání. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń já okùn.

Ẹ̀bùn kékeré kan tún wà: lẹ́yìn oúnjẹ tó tóbi, pàápàá iyán, ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ rìn jẹ́jẹ́ yí ọgbà ká fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ó ń dín bí ṣúgà ṣe ń fò sókè lẹ́yìn oúnjẹ kù. Ẹ má kà á mọ́ ìṣẹ́jú òkè yẹn.

Omi ni kí ẹ fi sin ìrìn. A mọ̀ pé àwọn èèyàn yín á gbé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì wá, wọ́n á ní ó ń fún ẹ̀jẹ̀. Kò fún ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì lè ba gbogbo ohun tí ẹ rìn fún jẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ ní ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà ni kí wọ́n máa mú wá.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: lópin ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ ka ọjọ́ ìrìn tí ẹ sàmì sí nínú ìwé yín. Bí ó bá tó 7 nínú 8 (tàbí 9 nínú 10 fún ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún), ẹ gòkè. Bí kò bá tó, ẹ tún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ṣe. Títún un ṣe kì í ṣe ìjákulẹ̀ rárá.

5. BÍ KÍMÒ BÁ WÀ LÁÀÁRÍN

Fún kímò tí wọ́n ń fún yín ní ọjọ́ 21-21, ẹ kọ ọjọ́ sí orí kàlẹ́ńdà; ọjọ́ tí ẹ gbà á ni ọjọ́ 1. Ọjọ́ 1 àti 2, ara lè dà bíi pé ó le, oorun ò wá, ọwọ́ ń wá nǹkan ṣe. Dexamethasone ni. Ẹ má tẹ̀ lé e. Ìrìn jẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú 10 tó. Láti ọjọ́ 3 sí 6 ni àárẹ̀ máa ń wó lulẹ̀: ìṣẹ́jú 5 láàárọ̀, 5 nírọ̀lẹ́, kódà kó jẹ́ láti yàrá dé ẹnu géètì. Ọjọ́ 7 sí 14, agbára ara láti bá kòkòrò àrùn jà máa ń lọ sílẹ̀ jù, ẹ rìn níbi tí èrò ò sí. Ọjọ́ 15 sí 21 ni tiyín: àwọn ọjọ́ wọ̀nyí ni ẹ fi ń gòkè.

Oògùn kímò tó ń jẹ́ paclitaxel àti docetaxel lè mú kí àtẹ́lẹsẹ̀ kú tipiri. Ilẹ̀ tó tẹ́jú nìkan ni kí ẹ rìn, ẹ má wọ sílípáàsì, kí ẹ sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìrìn, torí ẹ lè gún un kí ẹ má mọ̀. Ẹni tí letrozole ń dun oríkèé rẹ̀ láàárọ̀, kí ó sún ìrìn sí ìrọ̀lẹ́. Ìrìn déédéé máa ń dín ìrora yẹn kù.

Ẹ má rìn lọ́jọ́ tí ẹ bá rí ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí:

Ibà 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má lo paracetamol kí ẹ máa wò ó.

Ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wú, ó gbóná, ó ń dun yín, pàápàá bí ẹ bá ń lo tamoxifen. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ẹ má fi òróró ra á, ẹ má ní ìrìn á tú u. Ilé ìwòsàn ni.

Àyà dídùn, òòyì, èémí tó ń gé nígbà tí ẹ bá dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń wú.

BP 180/110 sókè, èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru láti àná, ìrora egungun tuntun tó ń jí yín lóru.

6. ẸNI TÓ Ń LO OÒGÙN ÀTỌ̀GBẸ

Metformin nìkan kì í sábà mú ṣúgà já wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Insulin àti glibenclamide ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ṣúgà kí ẹ tó jáde. Bí ó bá wà lábẹ́ 90 mg/dL, ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí ó bá ju 250 lọ tí ara ò sì dá, ẹ sinmi, ẹ pe dókítà. Bí ara bá ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, tí òógùn tútù ń bò yín, ẹ dúró, ẹ jẹ ṣúgà oníhóró mẹ́rin, ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 15. Bí ìrìn bá ń dé ìṣẹ́jú 25 tí èyí sì ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣeé ṣe kí oògùn ti pọ̀ jù fún yín. Dókítà ló ń dín in kù o, ẹ má dín in fúnra yín.

7. APÁ

Ọ̀pọ̀ obìnrin ń bẹ̀rù pé ìrìn á mú apá tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí wú. Ìrìn tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ kì í fà á. Ẹ ká ìgunpá díẹ̀ bí ẹ ṣe ń jù ú, ẹ má jẹ́ kó rọ̀ wọ̀lọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ sì máa la ọwọ́ kí ẹ tún pa á ní gbogbo ìṣẹ́jú 5. Ẹ má fi apá náà gbé báàgì. Ẹni tí wọ́n bá ti fún ní ìbọ̀wọ́ apá tó ń fún ara, kí ó wọ̀ ọ́ kó tó jáde.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ fi téèpù wọn apá méjèèjì ní ìbú ìka mẹ́rin lókè ìgunpá àti ní ìbú ìka mẹ́rin nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì bá ti fi 2 cm ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ, tàbí òrùka dédé fún, ẹ lọ sọ́dọ̀ físíò lọ́sẹ̀ yẹn.

8. WÍWỌN PADÀ

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ẹ tún wọn gbogbo rẹ̀: téèpù kan náà, àmì kan náà, ọjọ́ kan náà nínú ìyípo oògùn. Bí àpò bá gbà á, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ HbA1c, torí ó ń sọ ìtàn ṣúgà oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn, ìwọ̀n àkókò tí ẹ fi rìn gan-an.

Ẹ má fi ìwọ̀n kílò ṣèdájọ́. Ó wọ́pọ̀ kí kílò dúró síbi tó wà kí ikùn sì ti dín, kí ṣúgà ti wálẹ̀. Bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró láàárín, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Bí ohunkóhun ò bá yí padà, ẹ ṣí ìwé, ẹ wo mẹ́ta. Ṣé ẹ lè kọrin dé ègbè lákòókò tí ẹ ń rìn? Ìrìn ti rọ̀ jù nìyẹn. Ṣé àlàfo ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta pọ̀ níbẹ̀? Ṣé mọ́ọ̀tì ń wọlé? Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mọ́ tí ṣúgà ìdájí ṣì ń pe 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe ẹ̀bi ẹsẹ̀ yín, oògùn ló kàn. Ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo àmì inú rẹ̀. Kí ẹ máa bá 150 ìṣẹ́jú náà lọ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì ní kí físíò fi ọjọ́ méjì ti eré tó ń fún iṣan lágbára kún un.